Orí Kẹta: Baba Ìkókò, Láti Ìrọbí Títí Di Ọjọ́ Kẹjọ

"Ta ni ọkọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin?"

Bí nọ́ọ̀sì ṣe pè mí nìyẹn lóru ọjọ́ tí a bí àkọ́bí mi ní Ìbàdàn. Kò pe orúkọ mi, kò pe orúkọ ìyàwó mi. Mo dìde lórí bẹ́ńṣì tí èmi àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ti fún ara wa mọ́ láti ìrọ̀lẹ́, mo ní, "Èmi nìyí, mà." Ó na bébà pélébé kan sí mi: abẹ́rẹ́ méjì, omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára, páálí ìbọ̀wọ́ kan. "Ẹ tètè o, ọ̀gá." Aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé oògùn inú ọsibítù ti tì, ẹni tó ń ṣe POS lẹ́nu géètì ti lọ sùn, owó tó wà lápò mi kò ju ti omi àti búrẹ́dì lọ. Mo wọ máíkírà, a kan ilẹ̀kùn ilé oògùn méjì kí a tó rí ẹni tó ṣí fún wa, awakọ̀ náà ló sì yá mi lówó tó dín. Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ fún baba tuntun nílùú òyìnbó máa ń kọ́ ọkùnrin bí yóò ṣe di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú nígbà tó bá ń rọbí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọsibítù aládàáni kan níbí náà ń gba ọkọ láyè; bi wọ́n láti ìgbà tí ẹ bá ti lọ forúkọ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba wa, o kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Aboyún mẹ́rin, márùn-ún ló wà nínú yàrá kan, kọ́tìnnì tó là wọ́n láàrin kò bo nǹkan kan, ojú sì ń ti obìnrin tí ọkùnrin ọlọ́kùnrin bá bá lórí ìrọbí. Ẹnu ọ̀nà ni ipò rẹ. Iṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ni orí yìí dá lé.

Kí ìrọbí tó mú

Ọjọ́ tí dókítà kọ sórí káàdì kì í ṣe ọjọ́ àdéhùn. Tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37, ọmọ lè dé nígbàkigbà. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, kí epo wà nínú ọkọ̀, tàbí kí nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń gbé fóònù lóru wà lọ́wọ́ rẹ. Kí owó wà nílé ní owó pépà. Kì í ṣe inú báǹkì, kì í ṣe inú fóònù. Kí àpò ọsibítù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn: páàdì, òwú, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ọmọ, ìró méjì, káàdì. Ìyàwó rẹ mọ ohun tó kó síbẹ̀. Ìwọ ni kí o mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, nítorí ìwọ ni wọn yóò ní kí ó wá a.

Wo káàdì náà dáadáa. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ìyàwó rẹ ní? Tí wọ́n bá kọ nẹ́gétífù sí i, tí tìrẹ sì jẹ́ pọ́sítífù, ọmọ lè mú tìrẹ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní anti-D. Tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ pọ́sítífù, abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wọ ara ìyá láàrin wákàtí 72 lẹ́yìn ìbí. Ọmọ tó wà nílẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń jìyà àìgbà á, èyí tí yóò tẹ̀ lé e ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń fojú di í. Ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà á. Kò yẹ kó jẹ́ inú wákàtí 72 yẹn lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Ọ̀rọ̀ abẹ ńkọ́? Gbogbo wa là ń gbàdúrà pé wẹ́rẹ́ ni ká gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ ohùn ọmọ, èmi náà sì ń ṣe àmín. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì lóru ọjọ́ náà ń pe pásítọ̀, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń pe bàbá rẹ̀ lókè ọjà, bẹ́ẹ̀ dókítà dúró tì í pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Obìnrin tó ti tójúúbọ́ lè fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ṣì máa ń dúró de ọkọ, àwọn ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń dúró yẹn kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú lásán fún ọmọ inú. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń jẹ̀rora: tí dókítà bá ní abẹ ló kù, kí o fọwọ́ sí i, kí o wá pe pásítọ̀ lẹ́yìn náà.

Ìrọbí àkọ́bí kì í yá. Ó lè gba wákàtí méjìlá, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Fi fóònù rẹ ka àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrora kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Tí ó bá ń mú un ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ gbéra. Tí ilé yín bá jìnnà, tàbí tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ gbéra ṣáájú. Tí omi bá já, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí ọmọ kò yí mọ́ nínú, tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, má ka ìṣẹ́jú kankan. Ẹ máa lọ.

Lórí bẹ́ńṣì

Má kúrò níbẹ̀. Tí ebi bá ń pa ọ́, kí ẹlòmíràn dúró fún ọ kí o tó lọ jẹun. Tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Má bá nọ́ọ̀sì jà, kódà tó bá sọ̀rọ̀ sí ọ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Lówùúrọ̀ yóò gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lóru yìí ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ wà. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì náà wúlò ju bí o ṣe rò lọ: ọ̀kan mọ ilé oògùn tó ń ṣí, ọ̀kan ní páwà báǹkì, gbogbo yín lẹ sì jọ ń gbọ́ igbe kan náà láti inú yàrá, tí olúkúlùkù ń ronú bóyá ti ìyàwó òun ni.

Tí nọ́ọ̀sì bá jáde wá pé ẹ kú ewu, inú rẹ yóò dùn débi tí ìbéèrè yóò fò lọ́kàn rẹ. Kọ wọ́n sínú fóònù ṣáájú. Aago mélòó ni wọ́n bí i? Kílò mélòó ni? Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ti dá? Báwo ló ṣe wáyé?

Bàbá mi ló ní kí n má gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Tí ìwọ́ bá wé mọ́ ọn lọ́rùn, ọkùnrin ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Tó bá da ojú bolẹ̀, Àjàyí. Tó bá wá tòun ti àpò, Òkè. Nígbà tó jẹ́ àwọn ìyá ilé ló ń gbẹ̀bí, kò sí ẹni tó ń bèèrè, wọn yóò ti máa wí i kí ọmọ tó gbẹ. Lónìí nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ̀, ó sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Mo rò pé orúkọ nìkan ni bàbá mi ń wá. Àṣé dókítà ọmọdé náà yóò bi mí ní ìbéèrè kan náà lọ́jọ́ kẹta: ṣé ó ké, ṣé ìwọ́ wé e lọ́rùn, ṣé ó pẹ́ kó tó jáde? Orúkọ àmútọ̀runwá ni àkọsílẹ̀ ọsibítù àwọn baba wa.

Ọ̀rá dúdú

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì na ọ̀rá dúdú kan sí mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì wúwo bí ìdajì kílò. "Ọ̀gá, ibi ọmọ yín rèé."

Kí o tó gbé e kúrò, bi agbẹ̀bí bóyá ó pé. Ibi tó bá ṣẹ́kù sínú obìnrin a máa fa ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ sísin. Baba ló ń sin ibi ọmọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá ilé tí mo háyà, onílé mi kì í sì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ irú rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo gbé e sínú báàgì dé ilé bàbá mi ní Mọ́níyà, mo gbẹ́ kòtò tó dé mi lórúnkún kí ajá má baà wú u, mo fi òkúta lé e. Tí o kò bá ní ilẹ̀ níbì kankan, sọ fún ọsibítù kí wọ́n bá ọ bójú tó o. Wọ́n ní ètò fún un. Kò sí ìbáwí níbẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí o jù ú sórí ààtàn.

Ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni kí o máa bèèrè ju ohunkóhun lọ. Tí páàdì kan bá ń kún láàrin wákàtí kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, pariwo. Ìwà ọmọlúàbí kò sọ pé kí o dákẹ́ nígbà yẹn.

Ilé

Tí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìsinmi baba ọlọ́jọ́ iṣẹ́ 14 ti wà fún ọ láti ìparí ọdún 2022. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 láti 2014. Kọ̀wé tọrọ rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Èmi tí mo ń tẹ̀wé fún ara mi ní Mọ́kọ́lá kò rí ẹni tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kàn ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn oníbàárà bínú díẹ̀.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, inú wa dùn gidigidi. Ilé ìkókò tí kò ní ìyá àgbà, ìyà ni. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni ṣíbí àti omi gbígbóná tó ti tutù. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà." Ó wò mí. "Ọkọ mi, omi kọ́ la fún ìwọ náà mu? Ṣé o kú?"

Má ṣe bá ìyá rẹ jiyàn lórí èyí, o kò ní borí. Wá obìnrin tó jù ú lọ tàbí tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ nípa ìtọ́jú. Ní àdúgbò wa, ìyá kan wà tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí, Ìyá Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó wá kí wọn kú ọwọ́ lómi, wọ́n jọ jẹ àmàlà, ó sì ṣàlàyé fún ìyá mi pé ikùn ìkókò kéré, omi yóò gba àyè ọmú níbẹ̀, àti pé omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn kan ń fún dànù, òun gan-an ni oògùn. Ìyá mi ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó tán síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ọmọ yóò mu ọmú láàrin ọ̀sán àti òru. Tó bá ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́ láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ó ń yó. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò dúdú bí ọ̀dà, má fòyà.

Ìdodo: jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni wọ́n ń fún wa báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, títí ìwọ́ yóò fi já, láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìdodo nìkan ni ibi tí a ń fi í sí. Àwọn ènìyàn ti ṣèèṣì fi í sí ojú ọmọ nítorí pé ó jọ oògùn ojú, ó sì ba ojú jẹ́ pátápátá, nítorí náà má jẹ́ kí òun àti oògùn ojú wà lórí tábìlì kan náà. Ìgbẹ́ màlúù, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, rọ́ọ̀bù: rárá o. Inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ti ń wọlé. Ní ti ìwẹ̀ ọmọ, jẹ́ kí ìyá àgbà fi òróró ra á lára, ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n má sáà jù ú sókè. Omi tí ìyá ìkókò ń jókòó sí, kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ tọ́ ọ wò.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù, tìrẹ ni: fífọ pámpásì tí kì í ṣe ti àlòdànù, gbígbé ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè sùn fún wákàtí méjì, títẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Gbígbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní kọ́rídọ̀, kí èéfín rẹ̀ má baà pa gbogbo yín sójú oorun. Àti sísọ fún àlejò tó ń wúkọ́ pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ àǹtí rẹ. Tí ọmọ bá kéré, tàbí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá tí kò tíì lè gbé e, bọ́ ẹ̀wù rẹ, gbé e lé àyà rẹ ní ìhòòhò, kí o da aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà ọkùnrin náà ń mú ọmọ móoru.

Rúsúrúsú

Lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé ojú ọmọ mi pọ́n rúsúrúsú. Àbí kí n sọ òtítọ́: Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ṣàkíyèsí. Iná kò sí, kọ́tìnnì wà nílẹ̀ nítorí òtútù, nínú òkùnkùn yẹn ọmọ náà kàn mọ́ra lójú mi ni. Ìyá mi ní ibà pọ́njú kékeré ni, kí a gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí a fún un ní omi ìbẹ́pẹ. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé e dé ẹnu fèrèsé, ó fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Bàbá rẹ̀, ẹ wọ bàtà yín."

Ọ̀pọ̀ ìkókò ni ara wọn máa ń pọ́n díẹ̀ tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá yọ ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tó bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tó ń sùn jù, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó ń pọ́n ara yẹn lè wọ inú ọpọlọ, ó lè di etí, ó lè sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara títí ayé. Iná aláwọ̀ búlúù ni ìtọ́jú rẹ̀. Tó bá le jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Omi ìbẹ́pẹ kò ṣe é, glúkóòsì kò ṣe é. Oòrùn ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Island Maternity Hospital l'Ékòó, tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015, fi hàn pé oòrùn lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìbòrí tó ń sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí, fún wákàtí púpọ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹnu fèrèsé ilé rẹ kì í ṣe ibẹ̀.

Nígbà tí dókítà ń gba ìtàn, ó bi wá bóyá a lo kánfọ̀. Mo ní rárá. Ìyàwó mi yọjú wo ṣọ́ọ̀lù tí a fi gbé ọmọ wá, ó gbé e sí imú, ó dákẹ́. Ṣọ́ọ̀lù tí ìyá mi fi pọ̀n mí ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi wà nínú àpótí láàrin àwọn bọ́ọ̀lù funfun wọ̀nyẹn, ó sì kó o wá fún ọmọ mi tìfẹ́tìfẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ náà kò ní èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD tó bó ṣe yẹ, bí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ṣe rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá fà èéfín kánfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìjà nílé o, àjogúnbá ni, ẹnikẹ́ni kò rà á lọ́jà. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀lù náà fún ìyá mi. Mo ní ó sọnù sí ọsibítù.

Ìyá ọmọ náà

Láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ó lè máa sunkún láìmọ ohun tó ń ṣe é. Jókòó tì í, má bi í pé kí ló dé. Ó sábà máa ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Tí kò bá lọ, dókítà ni. Tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tí kò sùn kódà nígbà tí ọmọ sùn, tó ń sọ pé ọmọ kì í ṣe tòun, àwọn àgbà ti sọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́: abísínwín. Àìsàn ni, ó ní oògùn, obìnrin sì ń bọ́ níbẹ̀ pátápátá. Má mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn mọ́lẹ̀. Má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ sínú yàrá títí ẹ ó fi dé ọsibítù. Bákan náà, orí fífọ́ kíkankíkan, ojú ṣíṣú tàbí gìrì lẹ́yìn ìbí kì í ṣe ohun à ń fi àgbo wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí ọmọ ti wà nílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Abẹ́ iná búlúù ni ọjọ́ kẹjọ bá ọmọ wa, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, pámpásì nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti pa àtíbàbà sí Mọ́níyà, obì, orógbó, atare, oyin àti iyọ̀ ti wà lórí àwo. Mo ní kí wọ́n sún un síwájú. Bàbá mi ní ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ kẹjọ. Nọ́ọ̀sì gbà kí n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ láti ọ̀hún, ìyàwó mi ń ṣe àmín lẹ́sẹ̀ kejì, àwọn ìyá ìkókò yòókù nínú wọ́ọ̀dù náà ń bá a ṣe é. Orúkọ mọ́kànlá ni. Òjó wà nínú rẹ̀, torí mo bèèrè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí abẹ́rẹ́ BCG, ẹ̀kán òògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ ti wọ ara ọmọ. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ti àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn dára jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé ìjọba. Ìwé ẹ̀rí ìbí náà, ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn ni, láàrin ọgọ́ta ọjọ́. Má san owó fún un.

Kí o tó ka orí tó kàn, lọ ṣí àpótí tí aṣọ ọmọ wà, tìrẹ àti èyí tí ìyá rẹ ń bọ̀ wá kó fún yín. Gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn kánfọ̀, ra aṣọ mìíràn fún ọmọ náà.